Agogo Tó Yára Ju Ikú Lọ

Agogo òkú kì í pa alààyè. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ará Òkè-Ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé agogo ta ni, ọ̀pọ̀ wọn á máa wojú ara wọn. Ó dáa, agogo Bàbá Jóẹ́lì Ọdẹ́wálé ni.

Ogójì ọdún ni Bàbá Jóẹ́lì fi lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ọmọ ìjọ bá kú, iye ọdún tó lò láyé ni iye ìgbà tí agogo á dún. Nígbà tí apá rẹ̀ kò gbé okùn mọ́, ó fi iṣẹ́ náà lé Fẹ́hìntọlá, ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ, lọ́wọ́. Dókítà sì sọ fún un pé àìsàn ọkàn tó ń ṣe é kò ní jẹ́ kó rí Kérésì. Bàbá ní kò burú, òun á kọ́ ìwàásù kí òun tó lọ. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́ fọhùn bíi bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun, ó sọ̀ kalẹ̀ láìṣe àmín.

"Ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ sọ, Bàbá," ni àlùfáà wí. "Ẹ fi ohùn bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù."

Wọ́n tún fún un ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Nígbà tó ku ọ̀la, ó ń dánra wò lẹ́yìnkùlé níwájú àwọn ewúrẹ́ nígbà tí òyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ figbe ta. Fẹ́hìntọlá tó ń kọjá lọ gbọ́ igbe. Kò yà wò ó, kò bi ẹnikẹ́ni, ó di ìdí okùn agogo.

Agogo náà ló jí Bàbá. Ó dùbúlẹ̀, ó ń kà á bó ṣe mọ̀ ọ́n kà. Ó dúró lórí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni o, Bàbá Dọ̀kásì," ni ìyàwó rẹ̀ fi orúkọ ọmọ wọn pè é. "Igbe mi ni Fẹ́hìntọlá gbọ́ tó fi sáré lọ."

"Èmi tí mo pé mọ́kàndínlọ́gọ́rin lóṣù tó kọjá! Wọ́n fẹ́ sin mí, wọ́n tún jí ọdún mẹ́ta gbé. Gbé ọ̀pá mi wá!"

Ṣọ́ọ̀ṣì ti kún fún ẹkún nígbà tó wọlé tòun ti iyẹ̀pẹ̀ lára. Àwọn kan gba ojú fèrèsé jáde. Fẹ́hìntọlá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Bàbá gun àga ìwàásù, ó sì tún fẹ́ fọhùn bíi bíṣọ́ọ̀bù. Ó wá rí okùn agogo.

"Ogójì ọdún ni mo fi lu agogo yìí fún òkú yín," ló wí, "ẹ̀rù sì ń bà mí lójoojúmọ́, torí mo mọ̀ pé á kàn mí. Ó kàn mí lónìí. Mo kà á tán, mo sì rìn wá. Ikú, ṣé gbogbo ariwo rẹ nìyẹn? Jésù Olúwa mi ti wọ ibojì ṣáájú mi, ó sì ti jáde. Ọjọ́ tó o bá dé lóòótọ́, n kò ní sá. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni wọ́n ní kí n wàásù, mo sì máa wàásù!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó wàásù lọ́jọ́ kejì. Kérésì kọjá, Àjíǹde bá a lórí àga ìwàásù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló kú. Fẹ́hìntọlá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ kan okùn, ó sì lu mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ẹyọ kan kò dín.

Torí náà, bí dókítà bá ti sọ ìrètí nù, tàbí tí aládùúgbò ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ṣì ń mí, ìgbà yẹn ni àwọn àgbà ìlú wa ń pa òwe náà. Aláìsàn fúnra rẹ̀ náà lè pa òwe ọ̀hún, kó sì béèrè ọ̀pá rẹ̀: Agogo òkú kì í pa alààyè.