Akàn àti Ẹyẹ Ọyẹ́

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Akàn létí òkun.

Lásìkò ọyẹ́, ẹyẹ funfun kan sá fún òtútù àríwá, ó rí Akàn lẹ́nu ihò, ó kọrin:

"Akàn, mo kí ọ o."
Ẹ gbè é: Fẹ̀rẹ̀!

Ẹyẹ náà wu Akàn, ṣùgbọ́n ó ní, "Bí mo bá lanu, yóò fò lọ." Ó ń wò ó ṣáá.

Lọ́jọ́ kejì, ẹyẹ tún kọrin. Akàn kò mí fín. Lọ́jọ́ kẹta, ẹyẹ ní, "A kì í pẹ́ níbi tí wọn kò ti dáni lóhùn." Ó fò lọ.

Ọyẹ́ mìíràn dé, ẹyẹ kò dé. Akàn yọ ojú síta títí, ojú ò wọlé mọ́. Ó wá kọrin:

"Ẹyẹ, mo kí ọ o."

Ẹ má gbè é o, ẹ̀yin ọmọ. Bó ṣe pa lọ́lọ́ fún un nìyẹn.