Orí Tó Gbadé Kò Gba Òṣùká

Ògúnníran alágbẹ̀dẹ ṣì wà láyé nígbà náà, ìyá ìyá wa náà wà, eyín rẹ̀ sì pé, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìlámọ̀ pé orí tó gbadé kò gba òṣùká mọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi òwe yìí fọ́nnu. Ẹni tó bá ti dé ipò ọlá, á ní òun ò tún fọwọ́ kan ẹrù. Bó bá jẹ́ fáàrí lásán ni, kí ló dé tí àwọn àgbà tó bá ń pa á máa ń mí kanlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró ló fà á, obìnrin tó ń mọ ìkòkò. Ọmọ ọba ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n adé ti jìnnà sí ilé wọn láti ayé baba ńlá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Adéṣìgbìn. Òun ló ń lọ wa amọ̀ létí odò fún un. Á ká aṣọ rẹ̀ ṣe òṣùká, á ru amọ̀ wálé, kó tó sọ̀ ọ́, á ti ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Màámi, kí lẹ sè?”

“Amọ̀ ni mo sè. Sọ ẹrù ná, alájẹkì.”

Nígbà tí ọba wàjà, àwọn afọbajẹ wá bá Àwẹ̀ró. Ọ̀dọ̀fin ló sọ̀rọ̀. “Ìyá, ọmọ yín ni ìlú mú. Ṣé ẹ yọ̀ǹda rẹ̀?”

Inú Àwẹ̀ró dùn débi pé kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. “Mo yọ̀ǹda rẹ̀, tọkàntọkàn.”

Ìgbà tó jó tán ni Ọ̀dọ̀fin tó sọ ìyókù. Ọmọ tó bá rí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ọba Ìlámọ̀ kò sì gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, láti ọjọ́ tó bá ti gbadé, òun àti ìyá rẹ̀ kò ní fojú kanra mọ́.

Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n wá ń kí i ní Ìyá Ọba. Wọ́n ń yà fún un lọ́nà ọjà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọ̀, á gbé ọbẹ̀ kaná, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ru amọ̀. Lọ́dún kẹta, ó ṣubú tẹrùtẹrù létí odò.

Ìròyìn dé ààfin. Kábíyèsí dìde, ó ní, “Ẹ wá òṣùká fún mi. Mo fẹ́ lọ ru amọ̀ ìyá mi.”

Ọ̀dọ̀fin dọ̀bálẹ̀ gbalaja dí ẹnu ọ̀nà. “Kábíyèsí, orí tó gbadé kò gba òṣùká mọ́. Bí ẹ bá máa jáde, ẹ gba orí ẹ̀yìn mi kọjá.”

Ọba padà jókòó. Ó rán ìránṣẹ́ mẹ́rin lọ ru amọ̀ náà.

Wọ́n kó amọ̀ kún ilé. Àwẹ̀ró dúpẹ́, ó ní, “Ẹ bá mi kí Kábíyèsí. Ẹ ní amọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo sè.”

Wọ́n jíṣẹ́. Ọba kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Àwẹ̀ró tún lo ọdún méjì. Ọjọ́ tó kú, ọmọ ọlọ́mọ ló gbé e lọ sójú oórì, nítorí ọba kì í rí òkú. Ọ̀dọ̀fin wọ ààfin wá kí Kábíyèsí kú ará fẹ́ra kù. Ó bá a níbi tó jókòó sí, adé lórí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan.

“Ọ̀dọ̀fin, àwọn wo ló gbé ìyá mi?”

“Àwọn ọmọ àdúgbò ni, Kábíyèsí.”

“Ṣé ó wúwo?”

Ọ̀dọ̀fin ní kò wúwo rárá.

Ọba fọwọ́ kan adé orí rẹ̀. “Òótọ́ lo sọ níjọ́sí,” ó ní. “Orí tó gbadé kò gba òṣùká mọ́.”