Bí Láníyọnu Ṣe Kí Báyéwù Níwájú Ọba

"Ọkọ mi, orí ẹ ò pé tó ti Láníyọnu." Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn kó tó kú, ẹ̀rín ló sì ń rín. Láníyọnu ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Báyéwù tó ni ilé tí ìyá Láníyọnu ń gbé ta tẹ́tẹ́ pé a máa pàdánù àṣekágbá, ó sì ti ra gbogbo agbábọ́ọ̀lù yòókù. Ó ní fún Láníyọnu pé, "Jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé, àbí kí ìyá ẹ kó ẹrù jáde." Láníyọnu ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá." Nígbà tí wọ́n tò láti dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó pariwo pé, "Kábíyèsí, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Báyéwù! Wọ́n ní bí a bá gba ife yìí, ilé tí ìyá mi ń gbé di ti ìyá mi!" Pápá hó yèè, ọba pàtẹ́wọ́. Báyéwù dìde, ó juwọ́, ó sì fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti rà rí ẹ̀rín yẹn, wọ́n rò pé ọ̀gá ti yí ọkàn padà, ni wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù bí akin. A gba ife, ìyá gba ilé. Gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń yin Láníyọnu, ìyàwó mi ló sì ṣáájú wọn. Láti ìgbà tó ti kú, mi ò tíì ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá mi gbẹ́ sàárè rẹ̀. Mi ò tíì kí Láníyọnu, tó wà lára wọn.