Ọba Tó Fẹ́ Kí Ògiri Kí Òun
Lórí òṣùpá, àwòrán àwọn ọba tó ti wàjà máa ń sọ̀rọ̀ lára ògiri ààfin, ṣùgbọ́n wọn kì í kí Ọba Adégorúṣẹn. Ọba bínú, ó ní bí wọn ò bá kí òun lónìí, òun á ti Dúnmọ́mi, olùtọ́jú wọn, síta níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Dúnmọ́mi gbé àwòrán Ọba Adégorúṣẹn fúnra rẹ̀ kọ́ sáàárín wọn. Ni gbogbo wọ́n bá hó yèè: "Káàbọ̀ o, ọmọ wa! Ikú wo ló pa ọ́?" Bí àwọn afọbajẹ ṣe gbọ́, wọ́n sáré wá láti yan ọba tuntun. "Mo wà láyé o!" ni ọba ń ké. Dúnmọ́mi ní, "Kábíyèsí, ṣé kí n sọ̀ yín kalẹ̀ ni, àbí ìkíni ò tíì tó?" Láti ọjọ́ náà, Ọba Adégorúṣẹn ló ń kọ́kọ́ kí ògiri.