Ọpẹ́ Àná Ló Tú Bodè Ehoro

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn kó dún. Ẹ̀yin àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ bá àwọn ọmọ gbè é. Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi gbéra, ó rìn jìnnà. Kò sọ̀ lórí erin, kò sọ̀ lórí ẹkùn. Orí Àparò ló sọ̀ sí, òun àti Ehoro tó fi ara rẹ̀ jẹ oníbodè.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, Àparò ń gbé ní ìlú Òkè Ìyeyè. Ibẹ̀ ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ó ti sàba, tó sì pa ọmọ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìlú Ìkọjádò ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ní òdìkejì odò ńlá. Ìyá yìí ti darúgbó. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò lè wá oúnjẹ fún ara rẹ̀ mọ́. Àparò nìkan ṣoṣo ni ó sì bí.

Àparò bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá kọ̀.

Ó ní, "Kí n fi ilẹ̀ tí a sin bàbá rẹ sí sílẹ̀? Rárá o. Bí o bá lè wá, máa wá. Bí o kò bá lè wá, Ọlọ́run ń bẹ."

Nítorí náà ni Àparò fi ń lọ ní ìtàdógún ìtàdógún. A máa yan ẹ̀pà, a máa dì í sínú àpò. Ẹ̀pà yìí ni arúgbó ń jẹ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi padà wá. Bí Àparò kò bá dé, ebi ni.

Ọ̀nà ọ̀hún jìn. Ẹsẹ̀ Àparò kúrú, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni yóò fi rìn ín. Ẹṣin ló ń gbé èrò lójú ọ̀nà náà nígbà yẹn. Àparò lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n Ẹṣin, ẹ kú iṣẹ́. Èló ni ẹ ó gbé mi dé etí odò?"

"Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀pà kan ní àlọ, apẹ̀rẹ̀ kan ní àbọ̀."

"Háà! Bí mo bá san ìyẹn tán, kí ni n ó gbé fún ìyá mi?"

"Èmi kọ́ ni mo bí ìyá rẹ. Fò lọ! Ṣebí ẹyẹ ni ọ́."

"Ìyẹ́ mi kì í gbé mi kọjá oko mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n."

"Nígbà náà, dúró sílé." Ẹṣin yíjú sápá kejì, ó ń fi ìrù lé eṣinṣin.

Àparò san án lẹ́ẹ̀kan. Ó san án lẹ́ẹ̀kejì. Àká rẹ̀ gbẹ. Ó wá jókòó, ó ronú. Kò bú Ẹṣin. Kò jalè. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe, ẹ̀yin ọmọ. Ó lọ jókòó sí etí ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ó ń wo ẹni tó ti ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

Ó rí Ẹfọ̀n. Ní ìtàdógún ìtàdógún ni Ẹfọ̀n ń lọ lá ilẹ̀ oníyọ̀ ní etí odò. Ìdí igi ọdán ni ó ti ń gbéra nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé. Àparò lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

"Sọ ọ́, ìyá àwọn ọmọ."

"Ẹ̀yìn yín ṣófo bí ẹ ti ń lọ. Mo sì rí eégbọn níbẹ̀, ó pọ̀ bí ẹ̀wà inú ìkòkò. Ìrù yín kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnu tèmi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ gbé mi dé etí odò, n ó máa ṣa wọ́n títí a ó fi dé."

Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò bi mí rí pé kí ló ń yún mi. Ó yá, gòkè."

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, Àparò rí Erinmi tó fẹ́ sọdá lọ jẹ koríko ní Ìkọjádò. Àparò bá a yọ eṣúṣú ní etí, Erinmi sì gbé e sọdá. Bẹ́ẹ̀ ni ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tí àpò ẹ̀pà rẹ̀ kún. Ìyá fọwọ́ kan àpò náà, ó bú sẹ́kún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń lọ, orin ni Àparò ń kọ. Ẹ gbè é:

Ẹfọ̀n o, gbé mi dé ilé ìyá mi,
*Rọra, rọra.*
Ìyá mi kò ríran mọ́,
*Rọra, rọra.*
Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ mi kúrú,
*Rọra, rọra.*
Oore tẹ́ ẹ ṣe, n kò ní gbàgbé,
*Rọra, rọra.*

Àwọn mìíràn gbọ́. Òkété ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìkọjádò, ó wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní àǹtí níbẹ̀, ó wá. Gbogbo wọn ń ṣa eégbọn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, wọn a wá bá Ẹfọ̀n níbi tó ti ń lá iyọ̀, wọn a ní, "Bàbá, ẹ kú àná o. A dúpẹ́ oore àná." Ẹfọ̀n a mi orí, inú rẹ̀ a dùn ju iyọ̀ lọ.

Ehoro wá rí wọn.

Ehoro kò ní ìyá ní Ìkọjádò. Kò ní ọmọ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ ń lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ó rí ọ̀pọ̀ èrò, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó fi ọparun kan bodè sí ọ̀nà tóóró tó ti ìlú lọ sí ìdí igi ọdán, níbi tí Ẹfọ̀n kì í gbà. Ó wé lawani. Ó jókòó.

"Ẹ dúró! Ẹfọ̀n ló fi mí síbí. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀pà yíyan ni kí olúkúlùkù máa mú wá."

Òkété ní, "Eégbọn tí a ń ṣa ńkọ́?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ara rẹ̀ ti bó."

"Ọpẹ́ àárọ̀ ńkọ́?"

Ehoro fi í ṣẹ̀sín. "Ará oko! Ẹni tó ti san nǹkan tún ń dúpẹ́? Ṣé ẹ máa ń kí Ẹṣin kú àná ni? Ẹ̀pà yín ti dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà sinmi."

Wọ́n gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n ṣe ọ̀lẹ láti ronú: kò sí ẹni tó béèrè ohun tí Ẹfọ̀n ń fi ẹ̀pà ṣe. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni Ehoro kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó yá, ó di igbá kan. Nígbà tó tún yá, ó di igbá méjì. Àká Ehoro kún, ikùn rẹ̀ yọ síta.

Ní ìtàdógún kan, Àparò dé bodè. Kò ní ju àpò ẹ̀pà ìyá rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Ehoro, ẹ ṣàánú mi. Ti ìyá mi ni èyí."

"Ta ni kò ní ìyá? Gbé e sílẹ̀ tàbí kí o padà."

Bí ó bá padà, ìyá kò ní rí i. Bí ó bá gbé e sílẹ̀, ìyá kò ní jẹun. Ó gbé e sílẹ̀. Ó rò pé òun yóò ṣa èso igbó fún un. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti mú gbogbo igbó gbẹ.

Ìyá fọwọ́ wá àpò, kò bá nǹkan kan. Kò bínú. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé náà tán, ó wá ní, "Àdùkẹ́ mi, ṣé o kí Ẹfọ̀n kú àná?"

"Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kí i mọ́, Màámi. Wọ́n ní ẹ̀pà ti dúpẹ́."

"Ẹ̀pà ní ẹnu ni? Bí a bá ra nǹkan, a ti rà á. Ṣùgbọ́n oore kì í ṣe ọjà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí olè tó kó ni lẹ́rù lọ. N kò rán ọ níṣẹ́ olè. Tí ilẹ̀ bá mọ́, sọdá, kí o lọ kí i."

Ilẹ̀ mọ́. Àparò bẹ Erinmi, ó sọdá. Ó bá Ẹfọ̀n ní ìdùbúlẹ̀. Eégbọn ti bò ó láti ọrùn dé ìdí.

"Bàbá, ẹ kú àná o. Mo dúpẹ́ oore àná."

Ẹfọ̀n la ojú kan. "Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbẹ̀yìn. O mà pẹ́. Mo ti rí ilẹ̀ oníyọ̀ mìíràn nítòsí ilé. N kò ní wá síbí mọ́."

Àparò ké, "Bàbá! Ìyá mi ńkọ́?"

"Ìyá rẹ kì í ṣe ẹrù mi. Ẹ ń gùn mí bí ẹni gun òkúta. Ẹ kò ṣa eégbọn, ẹ kò dúpẹ́."

"Ṣùgbọ́n a ń san ẹ̀pà, Bàbá!"

"Kí ni ẹ ń san?"

"Ẹ̀pà yíyan. Ehoro ní ẹ̀yin lẹ ní kí a máa mú un wá."

Ẹfọ̀n dìde dúró gìrì. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sókè. "Wò ó dáadáa. Pátákò yìí ni mo fi ń bó ẹ̀pà?"

Àparò wo pátákò. Ojú tì í. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín pa á. Ẹfọ̀n náà rẹ́rìn-ín títí eégbọn mẹ́ta fi já bọ́.

Ó ní, "Bí kì í bá ṣe pé o wá dúpẹ́, n bá ti lọ pẹ̀lú ìbínú mi. Sinmi. Ọ̀nà rẹ kò dí."

Ó gbé e padà sílé. Ẹ̀pà díẹ̀ tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ni arúgbó ń ṣọ́ jẹ. Ní ìtàdógún tó tẹ̀ lé e, òwúsùwusù bo ilẹ̀. Ehoro tẹ orí ba, ó ń di ẹ̀pà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀.

"Ta ló kàn? Igbá méjì! Ẹfọ̀n ní bí kò bá pé, kí n lé yín padà."

"Ẹfọ̀n ní bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀! Àgbàlagbà náà sì burú. Bí ẹ bá rí i bó ṣe ń jẹ ẹ̀pà!"

"Báwo ni mo ṣe ń jẹ ẹ́?"

Ehoro gbé ojú sókè. Ó rí ìwo. Lawani bọ́ lórí rẹ̀. Ẹfọ̀n fi àyà ti ọparun, bodè wó pátápátá. Òkété, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àparò jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ehoro ké, "Bàbá! Mo ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ni! Ti yín ni gbogbo rẹ̀!"

Ẹfọ̀n ní, "O ṣeun. Mo gbà á. Wàyí o, ìránṣẹ́ mi, gbé ẹrù mi kiri. Dá a padà sí ilé olúkúlùkù. Ti ìyá Àparò, Ìkọjádò ni. Ẹsẹ̀ rẹ ni o ó fi rìn ín."

Kò sí ẹ̀yìn tó gbé Ehoro dé etí odò. Ó ru àpò, ó la ọ̀dàn kọjá nínú ọyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Nígbà tí Erinmi gbé e sọdá, ilẹ̀ ti ṣú, àárẹ̀ ọ̀nà sì kún ara rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn arúgbó.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Mo gbé ẹ̀pà yín wá."

Arúgbó kò mọ olè tó wà níwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Páà! O mà rìn, ọmọ mi. Jókòó. Jẹ níbẹ̀. Sùn."

Ní òwúrọ̀, Ehoro gbọ́ ọ̀pá tó ń kanlẹ̀, kò, kò, kò. Arúgbó ló ń táràrà bọ̀ ní ibi tó sùn sí. Ó dé, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora.

"Ọmọ mi, o kú àná o. Mo dúpẹ́ oore àná."

Ojú ti Ehoro ju ìgbà tí bodè rẹ̀ wó lọ. Ó gbé arúgbó dìde. Ó sọ gbogbo òótọ́ fún un, ó ń sunkún bí ó ti ń sọ ọ́. Ẹ̀pà tí arúgbó bù fún un lálẹ́ àná ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Kò lè jẹ ẹ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Bí ọ̀nà rẹ bá jìn tí ọwọ́ rẹ kò sì tó, wá ẹni tó ń lọ, wo ibi tó ń yún un, kí o fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ràn án lọ́wọ́. Bí o bá rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi oore bá ara wọn gbé, má lọ kan bodè síbẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì ṣe fún ọ, san án tàbí má san án, dúpẹ́ rẹ̀ lónìí, kí o tún dúpẹ́ rẹ̀ lọ́la.

Èmi náà dúpẹ́ ìjókòó yín. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ yìí lálẹ́ òní tí n kò bá gbọ́ "ẹ kú àná" lẹ́nu rẹ̀ lówùúrọ̀ ọ̀la, n ó mọ ọmọ ẹni tí í ṣe.