Ìdí Tí Àga Ọkọ̀ Fi Ń Gba Iná Láìfọwọ́ Kan Ìyá Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ohun inú ọkọ̀ ṣì ń fọhùn, Ilẹ̀-Ọkọ̀ bí ọmọ méjì. Àga ni àkọ́bí, Wáyà sì ni àbúrò rẹ̀.

Ìyá wọn kì í kúrò lójú kan. Àga ní tirẹ̀ kò mọ̀ ju kó máa lọ síwá sẹ́yìn. Wáyà ló wà láàárín wọn, ó fi ọwọ́ kan di ìyá mú, ó fi ọwọ́ kejì di ẹ̀gbọ́n mú. Òun ló ń gbé iná lọ fún Àga kí ara rẹ̀ lè móoru. Òun náà ló ń jíṣẹ́ fún ìyá pé, "Ẹnìkan ti jókòó o." Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ilé ò ṣe é dá gbé láìsí i.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Adétúnlé wọ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ bàbá yìí gùn bí ọ̀pá ìkórè.

"Àga, jọ̀ọ́, sún sẹ́yìn fún mi. Orúnkún ń dùn mí."

Inú Àga dùn. Ta ni kò fẹ́ kí àgbà súre fóun? Ó ń sún, ó ń sún, Wáyà sì nà tàntàn.

"Ó tó! Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó!"

Ẹ wo àṣìṣe o! Wáyà ní kó dúró. Àga rò pé Wáyà ní gígùn òun ṣì tó débẹ̀ ni.

"Mo dúpẹ́ bó ṣe tó," ni Àga wí, ló bá tún sún.

Pàù! Wáyà já sí méjì.

Àga pè é títí, kò dáhùn. Òtútù mú Àga, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mo pa á. Etí ara mi ló tàn mí."

Ìyá kò bá a wí. Ó mú ìdajì Wáyà tó kù sí i lọ́wọ́, ó ká a bí òrùka gbọọrọ lé àyà rẹ̀, níbi tí Àga ń gbà kọjá.

"Ká tìrẹ náà mọ́ àyà rẹ," ó ní. "Mi ò ní bí ọmọ mìíràn sáàárín wa. Èyí tó bá tún dúró níbẹ̀, á tún já ni."

Wọ́n kọjú síra wọn, àlàfo kékeré wà láàárín. Ìyá pe orúkọ Wáyà. Iná gba inú òrùka àyà rẹ̀ kọjá, òrùka àyà Àga sì jí gìrì. Ìdajì ń dá ìdajì lóhùn. Ara Àga móoru.

Ó rọra dáhùn bí àbúrò rẹ̀ ti máa ń ṣe: "Ẹnìkan ti jókòó o, ìyá mi."

Láti ọjọ́ náà ni àga ọkọ̀ ti ń gba iná, tó sì ń jíṣẹ́ fún ilẹ̀, láìfọwọ́ kàn án. Ó ń sún síwá, ó ń sún sẹ́yìn bó ṣe wù ú, ohunkóhun kì í já mọ́. Ṣùgbọ́n kò tún sẹ́ni tó ń sọ fún un pé, "Ó tó."