Ọ̀wẹ̀ Òkè-Ìsun

Àwọn ará Etídò fẹ́ràn láti máa pe ara wọn ní ọmọ olómi. Odò Àlúrò ń ṣàn lẹ́yìnkùlé wọn. Òun ni wọ́n ń mu, òun náà ni Àsàbí aláró fi ń ṣan aṣọ. Ohun tí wọn kì í fẹ́ kí àlejò gbọ́ ni pé Òkè-Ìsun, abúlé kékeré tí odò náà ti ń sun, ni àwọn bàbá wọn ti ṣí wá. Wọ́n ti di ará ìlú, ojú ń tì wọ́n láti bá ará oko tan.

Àdéhùn kan wà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí: lọ́dọọdún, Etídò yóò gòkè lọ ṣọ̀wẹ̀, wọn yóò kó ẹrẹ̀ kúrò lójú ìsun, wọn yóò sì gbin igi sí bèbè rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti lọ kẹ́yìn.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, odò fà títí ó fi ku tín-ín-rín. Ó sì ku ọjọ́ mẹ́jọ tí Àsàbí yóò fa ọmọ rẹ̀, Mojíràdé, fọ́kọ. Aṣọ ìyàwó ti rẹ sínú aró tán, kò sómi tí yóò fi ṣàn án. Bí wọ́n bá sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ara ìyàwó ni yóò gba aró.

Láníhùn, olórí ọ̀wẹ̀, ní kò sí wàhálà. “Igi bèbè wọ̀nyí ló ń mu omi wa. Ẹ gé wọn, ká sì gbẹ́ ilẹ̀ odò jìn sí i!”

Wọ́n gé igi. Oòrùn ráàyè, ó lá ìwọ̀nba omi tó kù. Láníhùn fúnra rẹ̀ wọ kòtò, ó ń kọrin, ó ń gbẹ́. Nígbà tó jáde, ó dà bí ẹni tó ṣubú sínú èlùbọ́. Ìlú rẹ́rìn-ín, àfi Àsàbí. Ìbànújẹ́ gbà á lọ́kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tọ ojú odò gbígbẹ lọ sókè. Ògúndíran, àgbàlagbà Òkè-Ìsun, ni ó bá nínú ẹrẹ̀ lójú ìsun, òun nìkan pẹ̀lú ọkọ́. Àsàbí kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ránṣẹ́ sí yín. Láníhùn ní ará oko kì í bẹ ará ìlú níṣẹ́. Ọwọ́ mi nìkan kò ká a mọ́.”

Àsàbí kò sinmi títí ó fi dé iwájú ilé Láníhùn. “Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ lẹ̀ ń gbẹ́, ẹrẹ̀ sì ti dí òkè pa! Bàbá arúgbó kan ló ń dá ṣiṣẹ́ gbogbo wa, ẹ̀ ń pè é ní ará oko. Níbo ni wọ́n ri ìwọ́ bàbá yín sí?”

Láníhùn ṣí fìlà. “Òkè-Ìsun ni,” ló wí jẹ́jẹ́. Ó gbé ọkọ́.

Ìlú tẹ̀ lé e. Ọkùnrin ń kó ẹrẹ̀, obìnrin ń gbin ọparun àti ìyeyè, àwọn ará Òkè-Ìsun ń sun iṣu fún wọn. Ní ọjọ́ kẹta, omi tú jáde ṣọ̀ọ̀, ariwo ayọ̀ sì gba igbó kan.

Aṣọ Mojíràdé mọ́ rekete. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, iwájú pátápátá ni wọ́n fi Ògúndíran jókòó sí, Láníhùn sì dọ̀bálẹ̀ fún un. “Bàbá, kí la ó wí fún àwọn ọmọ wa?” Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi dá a lóhùn ni àgbà ṣì ń fi ṣòwe títí dòní: odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.